Kí Ọyẹ́ Tó Dé: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Láti ìparí oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kẹta ni ọyẹ́ ń fẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi ló ń gbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ òkun ló ń lé e sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti rẹ̀yìn dé etíkun, ọyẹ́ á gba ilẹ̀: àárọ̀ á tutù, ọ̀sán á mú ganrínganrín.

Eruku là ń rí, ṣùgbọ́n gbígbẹ ló ń pa nǹkan ọ̀gbìn. Kòkó tí ẹ gbìn lọ́dún yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jìn. Kí òjò tó dá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ kó koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ má jẹ́ kó kan ara igi, nítorí ikán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó wà láàárín wọn ni ibòji wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ewé rẹ̀ tà lásìkò yìí.

Koríko yẹn kan náà ni iná ń wá. Ẹ ro etí oko yíká, kó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì gbá ewé ibẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ á fi hàn. Ẹ má sun igbó nínú ọyẹ́ rárá, ìbáà ṣe díẹ̀.

Ọyẹ́ ní oore tirẹ̀: elùbọ́ àti láfún ń tètè gbẹ. Orí pèpéle gíga ni kí ẹ sá wọn sí, kì í ṣe etí títì.

Nínú ilé, ẹ bo ìkòkò omi, kí ẹ fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀ ọmọdé. Ẹni tó ní ásímà kò gbọdọ̀ jìnnà sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló gba ìtọ́jú jù: otútù àárọ̀ àti òùngbẹ máa ń ru ìrora egungun rẹ̀ sókè. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wọ̀ ọ́ kó tó jáde, kí ẹ máa fún un lómi láìdúró dìgbà tó bá béèrè.

Nítorí otútù, àwọn kan máa ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọn á sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ má dán an wò. Èédú tó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn jáde, ó sì lè pa gbogbo ilé sójú oorun.