Phrasal Verb Kì Í Ṣe Àkọ́sórí: Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ọ Ní Ṣómólú

Ẹ kọ́kọ́ pa ìwé tó to igba phrasal verb (ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ kékeré bí "up" tàbí "off" ń tẹ̀ lé, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì máa ń yí padà) lẹ́sẹẹsẹ yẹn tì. Òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há mọ́ abíyá wá sí kíláàsì mi: put on, put off, put out, put up, put up with, ìtumọ̀ wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fi báírò pupa fàlà sí i nídìí. Wọ́n mọ ìtumọ̀ wọn dunjú. Àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo bá oníbàárà sọ̀rọ̀, gbólóhùn á dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Ibi tó yẹ kí "it" tàbí "them" wà ni wọn ò mọ̀, àkọ́sórí ò sì lè fi ìyẹn hàn wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kún ibẹ̀, torí náà àwọn tó ń gé pépà, àwọn tó ń di ìwé, àtàwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ya káàdì ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá bá mi. Àwọn kan fẹ́ ṣe GCE, àwọn kan kàn fẹ́ lè dá oníbàárà láti Ìkòyí lóhùn láìbẹ̀rù. Ẹ̀tọ́ wọn ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ wọn jẹ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Yorùbá ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀-ìṣe elélà tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì. "Bàjẹ́" la máa ń pè é, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọmọ náà "bàjẹ́ ẹ̀rọ". Ó ba ẹ̀rọ jẹ́ ni. Ó bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó gbà mí gbọ́": gbígbà nìkan ò tó, gbígbọ́ nìkan ò tó, àfi tí méjèèjì bá pàdé. Iṣẹ́ tí "give up" ń ṣe nìyẹn. Kò sí fífúnni níbẹ̀, kò sí òkè níbẹ̀, jíjáwọ́ ni.

Wàyí o, "pick up", ìyẹn ká wá gbé nǹkan. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ ohun náà gan-an, ọ̀nà méjèèjì ló ṣí: "Pick up the calendars" dára, "Pick the calendars up" náà dára. Tó bá ti di it, them, him, her tàbí me, àárín nìkan ló lè wà: "Pick them up." "Pick up them" ò sí rárá. Tó bá fẹ́ rú yín lójú, ẹ sọ "bà á jẹ́" nínú ọkàn yín, kẹ́ ẹ wo ibi tí "á" wà. Turn it off. Print it out. Fill it in. Send them over. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín tẹ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn dáadáa tẹ́ ẹ bá ń pè é. "It" àárín yẹn fúyẹ́.

Àwọn kan wà tí kì í là. Yorùbá náà ní irú wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ la ń sọ, ta ló máa sọ pé "mo fẹ́ ẹ ràn"? Look after, look into, run into, come across, get over, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. "Look after the shop." "Look after it." Ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta náà kì í gba nǹkan sáàárín: put up with it, run out of it, look forward to it.

Ẹ wo ohun tí ọmọṣẹ́ kan fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, tó kọ́kọ́ fi hàn mí:

"Good afternoon ma. Your invitation cards are ready, you can come and pick. Envelope has finished, when we buy another we will send over it."

"Pick" nìkan, ṣíṣà ni. Ní Èkó a óò yé ara wa, àmọ́ ìyá tó ń ti Manchester ṣètò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè máa rò ó pé ṣé wọ́n fẹ́ kóun tún ṣà nínú káàdì tóun ti sanwó rẹ̀ ni. "Envelope has finished", Yorùbá ni: ó ti tán. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ẹni tí nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú, "we've run out of", kó tó dárúkọ ohun tó tán. "Send over it" sì ti rú òfin àárín. A jọ tún un kọ:

"Good afternoon, ma. Your invitation cards are ready, so you can pick them up. We've run out of envelopes. When we get some more, we'll send them over."

"Ma" dúró síbẹ̀ o. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Pa iná" náà ń kó bá wa gan-an, torí iná gílóòbù àti iná tó ń jó, "pa" kan náà la ń lò fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n. Gílóòbù, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: "turn it off" tàbí "switch it off". Iná tó ń jó pépà: "put it out". Ẹ má sọ "off the light" nínú ìdánwò tàbí níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, torí "off" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀, "I will drop at Palmgrove" yé gbogbo kọ́ńdọ́ ní Èkó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ìwé, "I'll get off at Palmgrove." Ẹni tó fi mọ́tò gbé yín ló ń "drop you off". Dáńfó, BRT, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Marina lọ sí Mile 2, ọ̀kadà àti ọkọ̀ ojú omi, "get on" àti "get off" ni. Mọ́tò àti takisí, "get into" àti "get out of".

Put off àti call off: ní 16 Oṣù Kejì 2019, ọjọ́ tó yẹ ká dìbò ààrẹ, INEC kéde ní òru pé ó di 23 oṣù náà. "They put off the election" nìyẹn. Ẹni tó bá kọ "called off" ti ní wọ́n fagi lé e. Nínú lẹ́tà sí ọ̀gá tàbí ilé iṣẹ́, "postponed" ló tún yẹ jù.

Ẹ má sì lẹ ohun tí kò sí mọ́ ọ̀rọ̀. "Cope with" ni, kò sí "up" níbẹ̀. "Discuss the price", kò gba "about". Tẹ́ ẹ bá sì ń parí lẹ́tà, "I look forward to hearing from you" ni, kì í ṣe "to hear".

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ ọ: ẹ mú mẹ́ta péré tí iṣẹ́ yín ń lò lójoojúmọ́. Ẹ kọ gbólóhùn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkíní pẹ̀lú orúkọ ohun náà, ìkejì pẹ̀lú "it" tàbí "them", kẹ́ ẹ pè é sókè kó tó di pé ẹ kó mẹ́ta míì. Ẹ ra díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, àlòkù tẹ́ ẹ rí rà ní Yábàá náà á ṣe é. Abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ máa wá a sí, "run out of" wà lábẹ́ "run". Ẹ máa rí "sb" fún ènìyàn, "sth" fún nǹkan. Tí "sth" bá wà láàárín, ó ṣeé là. Tó bá jẹ́ ìparí nìkan ló ń wà, ẹ má là á.