Bí mo ṣe tún ètò ẹ̀kọ́ mi tò sórí òṣùwọ̀n tuntun ti onímọ̀ saikọ́lọ́jì ní Ọsirélíà

Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni òṣùwọ̀n tuntun tí Psychology Board of Australia, àjọ tó ń fún wa ní ìwé àṣẹ, ṣe nípa ohun tí àwa onímọ̀ saikọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ lè ṣe lẹ́nu iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka mẹ́jọ ló ní. Ọjọ́ yẹn náà la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí ẹ̀kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dọọdún, ni mo bá pa méjèèjì pọ̀.

Mo fa òpó mẹ́ta sórí bébà: ohun tí ẹ̀ka ń béèrè, ohun tí mò ń ṣe tó fi í hàn, ohun tó kù. Mi ò wo ètò ọdún tó kọjá rárá. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ orúkọ inú ètò àtijọ́, gbogbo àyè ló máa kún, kò sì ní rí àlàfo kankan.

Ẹ̀ka 4 àti 5, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú, kíá ni mo parí wọn. Ẹ̀ka 3, yíyẹ ara ẹni wò àti títọ́jú ara ẹni, ló gba àkókò. Mo kọ́kọ́ kọ “mo máa ń ronú lórí iṣẹ́ mi.” Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ báyìí: “Ní ìjókòó kẹta, mo máa ń bi ẹni tí mò ń tọ́jú pé kí ni kò bá a lára mu, mo sì ń gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ bá akẹgbẹ́ mi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo dí ẹ̀ka 7 àti 8. Ẹ̀ka 7 wà fún onírúurú èèyàn. Àwọn Aboriginal àti ará Erékùṣù Torres Strait, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, nìkan ló ni ẹ̀ka 8. Ìjọba fi tipá gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ìbéèrè lásán nípa ẹbí lè tẹ ojú ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdánwò saikọ́lọ́jì ni wọn ò sì kọ́kọ́ dán wò lára àwọn èèyàn wọn láti mọ máàkì tó yẹ kéèyàn retí, máàkì rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé kí n tó lo ìdánwò kankan, màá ka inú ìwé rẹ̀ láti mọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára wọn.

Wákàtí 30 ló kéré jù lọ́dún, 10 nínú rẹ̀ jẹ́ ìfikùnlukùn pẹ̀lú akẹgbẹ́. Bí àwa mẹ́rin bá jókòó fún wákàtí méjì, ìṣẹ́jú tí a fi yẹ iṣẹ́ tèmi wò nìkan ni mò ń kà sí ìfikùnlukùn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí màá yí padà lẹ́nu iṣẹ́ ni mò ń kọ, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ sọ. Ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń kọ ọ́.