Àdìrẹ àwọn ọmọdé níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà: ẹ dán aṣọ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra aṣọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Abala òbí àti ọmọ níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àdúgbò ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, mo sì yan àdìrẹ oníko, àmọ́ rọ́bà la lò dípò iko. Kí ọmọ àti òbí jókòó, kí wọ́n ká aṣọ, kí wọ́n dì í, kí wọ́n ta aró sí i, kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ìṣirò mi péye. Owó ìbọ̀wọ́, owó aró, owó ìbòòji, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ta aṣọ fún wa ló da gbogbo ẹ̀ rú: ó ta aṣọ tó ní pọ́lísítà nínú fún wa lórúkọ òwú pọ́ńbélé.

Irú aró tó bá ọmọdé mu ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀. Aró tí wọ́n fi ń ṣe kámpálà, tó máa ń fẹ́ kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́stíìkì sódà àti hydrosulphite, kò yẹ kó sún mọ́ ọmọ ọlọ́mọ rárá. Kọ́stíìkì ń jó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ohun tí mo máa ń lò fún ọmọdé ni aró Procion MX, tí ICI, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1956. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ omi gbígbóná, ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní soda ash ló fi ń mú aṣọ. Tí soda ash bá ti wà lára aṣọ òwú, aró náà á so mọ́ òwú yẹn débi pé ọṣẹ kò ní lè yọ ọ́ mọ́. Pọ́lísítà kò ní ibi tí aró yìí lè dì mú. Ó kàn máa lé téńté lórí ẹ̀ ni. Tí omi bá ti kàn án, ó lọ nìyẹn.

Ibi tó wá burú sí ni pé ojú kì í rí i lọ́jọ́ àjọ̀dún. Aṣọ tó ní pọ́lísítà máa ń tàn yanran nígbà tó bá ṣì tutù. Ọmọ á yọ̀, òbí á ya fọ́tò. Ọjọ́ kejì, nílé, nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́, ni àwọ̀ á máa bá omi lọ, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni lára àwa tá a ṣètò níbẹ̀ láti dáhùn. Ọmọ tó ti ń sọ fún gbogbo ilé pé òun lòún ṣe aṣọ yìí á wá bá aṣọ tó ti ṣá. N kò lè gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kankan níbi tí mo bá wà, ìdí nìyẹn tí n kì í gé ìtí aṣọ láìdán an wò.

Mo gé ìrépé kékeré kan lára ẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi soda ash, mo ta aró píńkì sí i, mo fi náílọ̀n wé e di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ń fi omi ṣàn án, píńkì ń jáde, ó ń jáde, kò dáwọ́ dúró. Díẹ̀ tó kù lára ẹ̀ dà bí aṣọ tí oòrùn ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo pe ẹni tó tà á. Èsì àkọ́kọ́ ni pé aró mi ti gbó. Nígbà tí ìyẹn kò wọlé, ó ní soda ash mi ni kò dáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní omi wa ni. Irú ọ̀rọ̀ báyìí lè da ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà láàmú, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyẹ̀fun aró tó ti pẹ́ jù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i máa ń rẹ̀ lóòótọ́. Baking soda tí àwọn kan ń lò dípò soda ash kò lágbára tó. Omi tí èròjà calcium pọ̀ nínú ẹ̀ náà sì lè dín aró kù. Nítorí náà, mo pa gbogbo àwáwí yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá aṣọ òwú àtijọ́ kan tí mo mọ̀ dájú, mo gé e ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, mo rẹ méjèèjì sínú abọ́ kan, mo ta aró kan náà sí wọn, mo tú wọn lákòókò kan náà. Ti òwú àtijọ́ yẹn jáde ní píńkì tó ń kọ mọ̀nà. Tirẹ̀ tún ṣá. Aró kò gbó, soda ash kò bàjẹ́, omi kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Mo wá fa fọ́nrán díẹ̀ yọ lára aṣọ náà, mo fi ẹ̀mú mú un, mo ṣáná sí i lórí abọ́ omi. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Òwú pọ́ńbélé máa ń jó wìtìwìtì, òórùn bébà tó jóná ló máa ń ní, eérú rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń kúnná tí ẹ bá fi ìka rà á. Pọ́lísítà máa ń sá fún iná. Á ká jọ, á yọ́, á wá di kókó dúdú líle tí ìka kò lè fọ́, òórùn ike ló sì máa ń ní. Aṣọ tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ máa ń jó, àmọ́ tí ẹ bá ra eérú rẹ̀, ẹ máa kan kókó líle nínú ẹ̀. Kókó yẹn gan-an ni mo bá pàdé. Ẹ fa fọ́nrán òró lọ́tọ̀, kí ẹ fa ti ìbú lọ́tọ̀, torí wọ́n lè fi òwú hun apá kan kí wọ́n fi pọ́lísítà hun ìkejì, ẹni tó bá sì sun ẹyọ kan péré lè rò pé òun ti rí òdodo.

Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá a. “Ẹ wo ara páálí, ṣebí òwú ni wọ́n kọ síbẹ̀,” ló ń tún sọ, àsọtúnsọ. Ó ní òun kò lè gba ìtí tí a ti gé lára ẹ̀ padà. Ìrépé tí mo gé kò tó àtẹ́lẹwọ́! Owó yẹn wọgbó nìyẹn. Owó tí àwọn ará àdúgbò dá jọ ni, ìyẹn ló sì ká mi lára jù lọ.

Lọ́dọ̀ ẹlòmíì tí a ti wá rà á, ìrépé ni mo kọ́kọ́ gbà, mo sun ún, mo ta aró sí i, mo fọ̀ ọ́, kí n tó kó owó sílẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé tí aṣọ náà kò bá jẹ́ òwú pọ́ńbélé, wọ́n á gbà á padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti gé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ra aṣọ fún irú iṣẹ́ yìí, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ máa bèèrè. Oníṣòwò tó bá dá ọjà rẹ̀ lójú kò ní jiyàn.

Òwú pọ́ńbélé náà ṣì lè kọ aró o. Wọ́n máa ń fi oògùn pa àwọn aṣọ kan lára kí wọ́n má baà rún tàbí kí wọ́n má baà gba àbàwọ́n. Ẹ kán omi sí i: tó bá jókòó roboto sórí aṣọ tí kò wọlé, oògùn wà níbẹ̀, ẹ wá òmíràn. Tó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ díẹ̀ àti ṣíbí kékeré soda ash kan fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a. Ògì tí wọ́n fi mú aṣọ tuntun le ni ẹ fẹ́ yọ.

Aṣọ onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 45 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ni mo gé. Àwọn kan fẹ́ kí a lo ṣẹ́ẹ̀tì, mo sì kọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ ìwọ̀n oríṣiríṣi, ó ń mu aró púpọ̀, pọ́lísítà sì ni wọ́n sábà máa ń fi rán an, kódà nígbà tí aṣọ rẹ̀ bá jẹ́ òwú gidi. Ojú ìrán á wá funfun kalẹ̀ láàárín gbogbo àwọ̀ yẹn. Onígun mẹ́rin kò ní ojú ìrán, lítà aró kan sì tó nǹkan bí 10 nínú wọn.

Ẹ po aró nílé, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má ṣí ìyẹ̀fun rẹ̀ nídìí tábìlì tí ọmọdé wà láéláé, torí ẹni tó bá ń fà á símú lè di ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́ títí ayé. Ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ ni kí àgbàlagbà tó ń pò ó lò, kí ó sì tẹ́ bébà tútù sábẹ́ abọ́ kó lè mú eruku rẹ̀. Ife omi kan, ìyẹn mìlílítà 240, ń gba ṣíbí ìjẹun urea kan, kí ó kọ́kọ́ yòrò, lẹ́yìn náà ṣíbí kékeré aró méjì. Dúdú ń gba mẹ́rin. Urea ló ń jẹ́ kí aṣọ pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ má da soda ash sínú ike aró. Bó bá ti wọ inú ẹ̀, omi ni aró náà á máa bá jà dípò aṣọ, láàárín wákàtí díẹ̀ kò ní lágbára mọ́.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbígbẹ ni kí àwọn ọmọ di aṣọ. Soda ash ń yún awọ, nítorí náà kò yẹ kó wà lára ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ ká. Tí wọ́n bá dì í tán, àgbàlagbà kan tó wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ààbò ni kó gba ìdì náà, kó rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí a da ife soda ash kan sí nínú lítà mẹ́rin, kó sì fún un dáadáa kó tó dá a padà. Ìṣẹ́jú 15 yẹn gùn lójú ọmọ ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni ìlà àwọn tó ń dúró ti máa ń gùn, tí òbí á máa wo aago. Mo fún wọn ní ìwé àti kíréyọ̀nù kí wọ́n yàwòrán bí wọ́n ṣe rò pé aṣọ àwọn máa rí, ó sì dùn mọ́ mi bí àwọn bàbá ṣe jókòó tì wọ́n tí àwọn náà ń yàwòrán. Ìlà náà kò dàrú rárá.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í lè na rọ́bà. Kí òbí rẹ̀ mú aṣọ dání, kí ọmọ fi ìka gún àárín rẹ̀ kó sì máa yí i po bí ìkarahun ìgbín, kí òbí wá wọ rọ́bà sí i. Rọ́bà gbọ́dọ̀ le: ibi tó bá dẹ̀ ni aró á gbà wọlé, kò ní sí funfun. Ìbọ̀wọ́ àgbàlagbà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, aró á sì kún inú ẹ̀. Ẹ ra ti ọmọdé, tí kò bá sí, ẹ fi téèpù mú un lọ́rùn ọwọ́.

Àwọ̀ mẹ́ta péré ni mo gbé sórí tábìlì: ìyeyè, píńkì kíki àti búlúù bí ojú ọ̀run. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá kan ìkejì, àwọ̀ tó dáa ló máa bí. Ẹ gbé àlùkò tàbí àwọ̀ ewé kún un, ẹrẹ̀ ni ẹ máa rí níbi púpọ̀. Orí àwọ̀n onírin tó ga díẹ̀ ju àwo ni kí ìdì aṣọ jókòó lé, torí tó bá wà nínú adágún aró tó ṣàn sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á dà rú. Kí wọ́n ta aró sáàárín ìṣẹ́po náà, kí wọ́n yí i padà kí wọ́n ta ẹ̀yìn, torí aró orí nìkan kì í dé inú. Abẹ́ ìbòòji ni kí tábìlì wà: aṣọ tó bá gbẹ kí aró tó so mọ́ ọn, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Orúkọ ọmọ, ẹ fi máákà tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sí igun aṣọ kó tó wọ omi, kí ẹ tún kọ ọ́ sára náílọ̀n. Máákà ọmọ iléèwé máa ń ṣàn, aṣọ tí kò ní orúkọ sì máa ń fa ẹkún.

Mo tẹ ìwé péńpé kan mọ́ náílọ̀n kọ̀ọ̀kan, òun ló sì gba ìrònú mi jù lẹ́yìn aṣọ. Ẹ má tú u títí wákàtí 24 á fi pé. Ẹ gbé e síbi tó móoru, torí tí ibẹ̀ bá tutù ju ìwọ̀n 21 lórí Celsius, aró kì í so dáadáa, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Ẹ fi omi tútù ṣàn án pẹ̀lú rọ́bà lára ẹ̀ títí omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ tú u, ẹ tún ṣàn án, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀: soda ash ṣì wà lára aṣọ nígbà yẹn, aró tó ń jáde á wá so mọ́ ibi funfun. Ẹ má sì fi aṣọ tútù sílẹ̀ ní kíká.

Aró tó ṣẹ́kù sínú ike, mo da omi soda ash tó kù sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè kú, mo sì fi omi púpọ̀ dà á sí ihò ìdọ̀tí inú ilé. Ẹ má dà á sí gọ́tà òjò tàbí sídìí koríko níbi àjọ̀dún.