Bí Ìwé Yóò Ṣe Máa Tẹ̀lé Ọmọ Délé: Ìtọ́sọ́nà fún Olùtọ́jú Yàrá Ìkàwé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo mọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe pé ìwé ìtàn ọmọdé kò sí rárá. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, wọ́n mọ́ tónítóní, a sì ti kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ wọn, nítorí pé ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà pé bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọn yóò ya. Olùkọ́ tí a bá fa irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ ni mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ilé-ìkàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí kò kọ́ ọ. Èrò tèmi ni pé iye ìwé tó wà lórí pákó kọ́ ni a fi ń mọ yàrá ìkàwé tó dára, bí kò ṣe iye ìwé tó sùn sí ilé àwọn ọmọ lálẹ́ àná. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa yíyan ìwé, títò ó, kíkà á sókè àti yíyá a fún ọmọ, ibì kan náà ni wọ́n dorí kọ: kí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ mú ìwé lọ sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á láṣẹ.

Ìwé wo ni kí a yàn?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé jáde sórí ẹní, kí ẹ sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ọmọ lè dá kà, èyí tí àgbà yóò máa kà fún un, àti èyí tí kò jẹ mọ́ ọmọdé rárá. Ìpín kẹta yìí máa ń pọ̀ ju bí a ti lérò lọ, nítorí pé àwọn tó ń fi ìwé ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ sábà máa ń kó ìwé òfin, ìwé ìṣirò owó àti ìwé ìdánwò àtijọ́ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe lọ́ra láti yọ wọ́n kúrò. Ìwé mẹ́wàá tí ọmọ fẹ́ràn sàn ju ọgọ́rùn-ún tó kàn gba àyè lórí pákó.

Fún kíláàsì kìíní àti ìkejì, ẹ wá ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí ọ̀rọ̀ ojú ewé rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí àwòrán rẹ̀ sì lè dá ìtàn náà sọ bí a bá fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ọmọ Ifẹ̀ lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀: ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà, ọmọ tó ń sá kòkó pẹ̀lú bàbá bàbá rẹ̀ lóko, àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lójú agbo ilé. Èyí kò sọ pé kí a kọ ìwé ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, torí pé ọmọ tí kò fojú rí yìnyín rí lè gbádùn ìtàn yìnyín gidigidi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti ibòmíràn, ọmọ náà yóò gbà pé àwọn ẹlòmíràn ni a ń kọ ìwé fún.

Láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹta, ẹ jẹ́ kí ìwé Yorùbá pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn òbí kan yóò wá bá yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ lé lórí. Ẹ fi sùúrù dá wọn lóhùn, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níhìn-ín fún wọn. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa ló sì ṣáájú rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láyè ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ọmọ tó bá ti mọ adùn ìwé kíkà ní èdè ìyá rẹ̀ yóò wá adùn yẹn kiri nínú èdè mìíràn. Kò sí ìlú tó yẹ kí òtítọ́ yìí yé ju tiwa lọ.

Ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, ẹ fi í sọ́wọ́ ara yín, kí ẹ sì máa fi kàwé fún àwọn ọmọ. Àgbà a máa fi òye ara rẹ̀ dí àlàfo tí àìsí àmì ohùn bá ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé yóò máa dúró ní gbogbo ìlà, yóò sì rò pé òun ni òye kò yé.

Láti mọ̀ bóyá ìwé kan kò wúwo jù fún ọmọ, ẹ sọ fún un pé kó ka ojú ewé kan, kó sì máa ká ìka kan kò fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀. Bí ìka márùn-ún bá ká tán kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, àgbà ni kó bá a ka ìwé yẹn. Síbẹ̀ bí ọmọ bá ṣì fẹ́ mú un lọ nítorí àwòrán rẹ̀, ẹ yá a fún un. Ọmọ tó ń wo àwòrán ejò fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń kàwé ní ọ̀nà tirẹ̀.

Títò àti ìtọ́jú

Ẹ sọ fún káfíńtà pé kí pákó tó ga jùlọ má ṣe kọjá ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè tó, kí ó sì ṣe ó kéré tán pákó kan tí ètí rẹ̀ yóò gbé ìwé dúró, kí iwájú ìwé lè máa kọjú sí ẹni tó ń wọlé. Ẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́ kò fa ọmọdé mọ́ra, àwòrán iwájú ló ń fà á. Ẹ máa pààrọ̀ ìwé tó wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá sí owó pákó, páálí tó lágbára tí a gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba, tí a sì tò sórí tábìlì kúkúrú, yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ìlànà onínọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní ọdún 1876 fún títo ìwé ilé-ìkàwé wúlò púpọ̀, ẹ sì lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ han àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, bíi 398 tó jẹ́ ti ìtàn àbáláyé àti 590 tó jẹ́ ti ẹranko, kí ilé-ìkàwé ńlá má baà ṣàjèjì sí wọn lọ́jọ́ iwájú. Fún àwọn kékeré, bébà aláwọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ti tó: pupa fún ìtàn, àwọ̀ ewé fún ẹranko àti ohun ọ̀gbìn, àwọ̀ aró fún ìwé ewì àti orin.

Ẹ gbé pákó ìwé kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì kan ilẹ̀, nítorí ikán àti ọ̀rinrin. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lójoojúmọ́. Ìwé tó bá ya, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kí ẹ má ṣe lo sẹ́lótéèpù, èyí tó máa ń pọ́n tó sì máa ń ba ojú ewé jẹ́ bó bá pẹ́. Àwọn ọmọ àgbà lè bá yín ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀.

Kíkà sókè

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jùlọ, nítorí pé n kò tíì rí ohun mìíràn tó ń fa ọmọ wọ inú ìwé bí ohùn àgbà tó ń gbádùn ohun tó ń kà. Ẹ kọ́kọ́ dá ka ìwé náà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì kà á sókè, kí ẹ lè mọ ibi tí ohùn yóò ti rọlẹ̀, ibi tí ìjàpá yóò ti kọrin, àti ibi tí ó yẹ kí ẹ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ìwé kan kò bá dùn mọ́ yín, ẹ wá òmíràn, torí pé ọmọdé a máa mọ̀ bí inú ẹni tó ń kàwé fún un kò bá sí nínú rẹ̀.

Ẹ jókòó sórí àpótí kúkúrú, kí àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, kí ẹ sì gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ kan kí gbogbo wọn lè rí àwòrán rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó. Bí kíláàsì bá tó ọgọ́ta ọmọ, bí ó ti sábà máa ń rí, ẹ bẹ olùkọ́ wọn kó mú ìdajì lọ́wọ́ fún iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ sì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán tí ọmọ tó wà lẹ́yìn kò rí, ariwo ni yóò fi dí àyè rẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ìlànà tí àwọn ìyá àgbà wa fi ń pa àlọ́. Ẹ ké “Ààlọ́ o!”, kí àwọn ọmọ dáhùn “Ààlọ̀!”, kí ẹ tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìdáhùn yẹn nìkan a máa pa gbogbo yàrá lẹ́nu mọ́. Bí orin bá wà nínú ìtàn náà, ẹ kọ́ wọn ní ègbè rẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ọmọ tó ń gbe orin ti di ara ìtàn náà, kò ní fẹ́ kó parí. Mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ má bẹ̀rù ẹ̀ka èdè. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn àgbà kí wọ́n tó gbọ́ Yorùbá tó wà nínú ìwé, nítorí náà ẹ lè fi ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ sọ ìtàn náà ní ṣókí, kí ẹ tó wá kà á bí a ti kọ ọ́. Nígbà tí ọmọ bá ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ọ̀rọ̀ ìwé kì í le fún un mọ́.

Ìtàn tó jẹ́ ti ìlú yìí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ọmọ tó ń gba Ẹ̀núwá kọjá tí kò mọ ère Mọremí, ọ̀pọ̀ wọn sì ti rí ọdún Ẹdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló lè sọ ohun tó so Mọremí pọ̀ mọ́ Olúorogbo ọmọ rẹ̀. Ẹ ka ìtàn náà fún wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín bóyá ìyá yẹn ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa, kí ẹ má sì yára dáhùn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin lè jiyàn lórí ìbéèrè yẹn títí agogo yóò fi lù.

Bí ẹ bá parí ìwé, ẹ má ṣe fi ìdánwò tẹ̀ lé e. “Kí ni orúkọ ẹranko kìíní?” kò yẹ ní ẹnu olùtọ́jú yàrá ìkàwé, iṣẹ́ kíláàsì ni ìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé, “Ta ni ẹ fẹ́ràn jù níbẹ̀?” tàbí “Bí ẹ̀yin bá wà ní ipò ìjàpá, kí ni ẹ ó ṣe?” Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un kà, ẹ tún un kà, nítorí pé ní ìgbà kejì àti ìkẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ ọmọ lára. Fún àwọn ọmọ àgbà, ẹ mú ìwé gígùn, kí ẹ ka orí kan lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì dúró síbi tó ti dùn jù. Ẹ̀dà kan tí ẹ bá gbé kalẹ̀ sórí pákó lẹ́yìn ìyẹn kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Yíyá ìwé fún ọmọ

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó: orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, orúkọ ìwé, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó dá a padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó lè kọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ rán àpò aṣọ kéékèèké, tàbí kí ẹ ní kí àwọn òbí fi ọ̀rá tó nípọn ránṣẹ́, nítorí pé òjò ló ń ba ìwé jẹ́ lọ́nà ilé jùlọ. Kí ẹ tún fi lẹ́tà kúkúrú ní èdè Yorùbá ránṣẹ́ sí ilé, tí yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ìwé lè ya, pé a kò ní bínú, àti pé ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí òbí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ kà á fún wọn, tàbí kí ó fi àwòrán rẹ̀ sọ ìtàn fún ìyá rẹ̀ àgbà, kí ìyá àgbà náà sì fi àlọ́ kan san án padà.

Ní ti ìwé tó pẹ́ nílé, ẹ má ṣe di òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ láti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kò ní wá yá ìwé mọ́, ìyá rẹ̀ náà yóò sì kọ̀ fún un. Mi ò fara mọ́ owó ìtanràn rárá, nítorí ọmọ tí ilé rẹ̀ kò ní ìwé kankan ni ó máa ń kọ́kọ́ lé kúrò. Ẹ pè é jẹ́jẹ́, kí ẹ bèèrè bí ìtàn náà ti rí lójú rẹ̀. Bí ìwé bá sọnù ní tòótọ́, kí ó wá bá yín lẹ ìwé mìíràn tó ya.

Ìwé tí àwọn ọmọ kọ

Bí owó ìwé kò bá sí, àwọn ọmọ lè kọ tiwọn. Ẹ rán wọn lọ bi àwọn àgbà agbo ilé wọn nípa ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wọn. Ẹ lè fi Wúnmọníjẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, níbi tí àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní ọdún 1938 ti kan àwọn orí ère onídẹ tó sọ Ifẹ̀ di olókìkí káàkiri àgbáyé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì bá wọn tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú líle rán ojú ewé wọn pọ̀ láàárín, ẹ fi páálí ṣe èèpo rẹ̀, kí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ hàn lójú rẹ̀. Ẹ fún ìwé náà ní nọ́ńbà nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa yá a fúnni bí ìwé yòókù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn wọn máa ń du ara wọn lọ́wọ́.

Tí ìsinmi gígùn bá sún mọ́lé, ẹ má ṣe kó ìwé padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ ní àyè láti kàwé, òun náà sì ni àsìkò tí ìwé kíkà máa ń tètè dá lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà, ẹ yá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé méjì, ọ̀kan tó lè dá kà àti ọ̀kan tí àgbà yóò kà fún un, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ ní ojú ewé ọ̀tọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà tuntun ni kí ẹ fi gba ìwé wọnyí padà, kí ẹ sì yá àwọn tó bá dá tiwọn padà ní òmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.