Láti Ìlọrin dé Èkó: ìmọ̀ràn fún Bàbá àti Ìyá àgbà tó fẹ́ lọ kí ọmọ wọn nílé ọkọ onígbàgbọ́

Láti Ìlọrin dé Èkó, bíi 300 kìlómítà ni. Ọ̀dọ́ lè rìn ín láàárọ̀, kó sì tún jáde lálẹ́. Ti ẹni ọdún 70 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí orúnkún sì ń yọ lẹ́nu, yàtọ̀. Bàbá àti Ìyá tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọmọ wọn obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ tó jẹ́ onígbàgbọ́, la kọ èyí fún, àti ọmọ tó ń ṣètò ìrìn náà. Ohun méjì ló sábà máa ń ba irú ìrìn yìí jẹ́: ọjọ́ tí wọn ò yàn dáadáa, àti ọ̀rọ̀ ìjọsìn tí ẹnikẹ́ni ò sọ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ àti wákàtí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ló dáa jù. Ẹ má rìn lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọjọ́ yẹn ni ìjọ Ìràpadà (RCCG) ń ṣe ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ní Redemption City, tó wà létí òpópónà Ìbàdàn sí Èkó gan-an, lẹ́bàá Mówé. Ẹ lè jókòó sójú kan fún wákàtí mélòó kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà kò dáa, torí àwọn tó lọ ṣe òde lópin ọ̀sẹ̀ ń wọ́ padà s'Ékòó. Tó bá jẹ́ Kérésì ni wọ́n pè yín fún, ẹ ti débẹ̀ kó tó di ogúnjọ́ Oṣù Kejìlá.

Ẹ kírun Àsùbáà, kí ẹ gbéra ní bíi aago 6:30. Lásìkò ọyẹ́, bí ìkúùkùu bá bo ojú ọ̀nà, ẹ dúró di aago 8. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ má ṣú yín sójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ àti ìjókòó

Bí ọmọ ò bá lè rán ọkọ̀, ẹ wọ Sienna ní gáréèjì, kí ẹ gba ìjókòó àárín. Bí wọ́n bá fẹ́ kó èèyàn mẹ́ta síbẹ̀, ẹ san owó ẹnì kẹta kí ẹsẹ̀ lè ríbi nà sí. Nínú bọ́ọ̀sì elérò, ẹ má jókòó síwájú: abẹ́ ìjókòó yẹn ni ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà, ooru rẹ̀ á máa fẹ́ sí ẹsẹ̀ yín. Kí ẹ tó dé Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ ti wú, bàtà ò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Kí ẹni tó ń ṣètò wo táyà fúnra rẹ̀. Ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021. Táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́rin, bó tilẹ̀ ń dán, ẹ má gbé e lọ ọ̀nà jíjìn. Róbà rẹ̀ ti ń gbẹ, ooru ọ̀sán lè bẹ́ ẹ. Kí fọganáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, torí táyà tó ti gbóná máa ń tan ìwọ̀n jẹ. Kí gbogbo yín de bẹ́líìtì, tẹ̀yìn náà. Eré tí òfin gbà lórí márosẹ̀ ni 100 kìlómítà ní wákàtí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, 90 fún ọkọ̀ akérò. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Oògùn àti ara

Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ máa lò, kí ẹ fi oògùn ọjọ́ márùn-ún lé e. Kó wà nínú àpò ọwọ́ Ìyá, kò gbọ́dọ̀ wọ búùtù. Ẹ fi káàdì ọsibítù àti ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí kún un. Insulin, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ò gbọ́dọ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ dì. Ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ tó gbé e sí kúlà, kí áìsì má bàa kàn án. Èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ti lo oògùn àárọ̀, gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò rẹ̀, kódà bí ọkọ̀ bá há. Ẹ fi ṣúgà oníhóró mélòó kan sápò fún ìgbà tí ara bá ń gbọ̀n tí òógùn sì ń bo ojú. Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ẹ bi dókítà ṣáájú bóyá ẹ lè sún wákàtí rẹ̀ síwájú lọ́jọ́ ìrìn. Ẹ má tìtorí ìtọ̀ kọ omi mímu: òǹgbẹ àti ìjókòó pípẹ́ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, kí ẹ sì máa yí ọrùn ẹsẹ̀ po nínú ọkọ̀.

Ẹrù ọmọ

Ẹ din wàrà kí ẹ tó dì í. Tútù rẹ̀ á ti kan kí ẹ tó dé. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kò gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, torí ooru máa ń mú kó wú: ẹ fi bí ìka mẹ́rin sílẹ̀, ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí kí ẹ tó dé e pa, ẹ wá kì í sáàárín iṣu kó má bàa ṣubú. Kí ẹ̀lùbọ́ jìnnà sí epo.

Ìjọsìn àti àna

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ pe ọmọ yín, kí òun bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ béèrè yàrá tí ẹ ti máa kírun. L'Ékòó, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ẹ yà díẹ̀ sí àríwá. Bí wọ́n bá ní ajá, kí wọ́n má jẹ́ kó wọbẹ̀. Lójú ọ̀nà, Àìlà, Àlàásárì àti Ìṣáì di ràkáà méjì-méjì. Ní ìlànà Màlíkì, bí ẹ bá gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa kí i pé lẹ́yìn tí ẹ bá dé.

Àdúrà ìdílé wọn lè bọ́ sí àsìkò Àsùbáà yín, àtẹ́wọ́ àti orin á sì wà níbẹ̀. Ẹ jọ mú aago kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn lọ sí ìdúpẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó tó di òru ọjọ́ Sátidé. Ẹ má kọ́ ọmọ-ọmọ ní ohun ẹ̀sìn lẹ́yìn òbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á padà délé, ọmọ yín obìnrin ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀ lọ́dọ̀ àna.

Ní ti ẹran, ọ̀nà tó rọrùn jù wà: bí ewúrẹ́ tàbí adìyẹ Kérésì bá wà nílẹ̀, kí Bàbá dúńbú rẹ̀. Onígbàgbọ́ á jẹ ẹ́, Mùsùlùmí náà á jẹ ẹ́, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n á gbé kaná.

Ẹ sọ ọjọ́ ìpadà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wojú yín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ yọ insulin nínú fíríìjì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀ sí, torí náà, látalẹ́ ẹ fi ìwé pélébé kan há ẹnu àpò ọwọ́: "Oògùn wà ní fíríìjì."