Bí Mo Ṣe Rí Tíṣà Lẹ́sìnnì fún Ọmọ Mi tó ń Ṣe AP Biology

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé ìdánwò náà fi wà nínú báàgì ọmọ mi kí n tó rí i. 58 nínú 100. Ọmọ tí kì í gba ohun tó dín sí 90 nínú sáyẹ́ǹsì! Mo pè é, mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mo mọ gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an ni mi ò mọ̀." Mo ní kó yé fi àwáwí dá mi lóhùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló kọjá, owó sì ti lọ, kí n tó gbà pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ náà sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Houston ní Texas là ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe jù. Ọmọ yìí, àkọ́bí mi, wà ní kíláàsì kọkànlá nígbà náà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, AP jẹ́ iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́ girama. College Board, àjọ kan tó ń ṣètò ìdánwò ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Tó bá di oṣù Karùn-ún, gbogbo wọn á ṣe ìdánwò kan náà, máàkì rẹ̀ á sì wà láàárín 1 sí 5. Ní Texas níbí, òfin kan wà láti ọdún 2015 tó ní kí àwọn yunifásítì ìjọba ka iṣẹ́ náà sí fún ọmọ tó bá gba 3 sókè, àyàfi tí wọ́n bá lè fi ẹ̀rí hàn pé máàkì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ. Ẹ wá fi wé owó kíláàsì kan péré ní yunifásítì, ẹ ó rí ìdí tí oorun fi dá lójú mi.

Èmi fúnra mi ni tíṣà àkọ́kọ́. Ṣebí mo ṣe Bàyọ́lọ́jì ní Ìbàdàn, A3 ni mo sì gbà nínú WAEC. Nígbà tiwa, bí o bá lè ya òdòdó, kí o kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i, kí o sì ka iṣẹ́ mitochondria láì sinmi, o ti yege. Mo mú ìwé rẹ̀, mo ń bi í: kí ni ẹ́ńsáìmù? Kí ni osmosis? Ó ń dáhùn wàrà wàrà. Inú èmi àti ọmọ dùn. Ìdánwò tó tẹ̀ lé e, 61.

Ni mo bá lọ sanwó. Iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́ ọmọ lórí Zoom ni, mi ò ní dárúkọ wọn. 90 dọ́là ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n sì ní ká san lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fún wa mọ iṣẹ́, irọ́ kò sí níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mo ń dín dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí ọmọ mi sọ̀rọ̀. Nínú wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin: "yes", "okay", "yes", "thank you". Ìyókù, tíṣà ló ń sọ̀rọ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n pààrọ̀ tíṣà fún wa. Àwòrán kan náà ni tuntun tún gbé wá. Wákàtí mẹ́ta tó kù, mo fi í sílẹ̀ fún wọn, wọn ò dá owó rẹ̀ padà.

Ẹni tó tẹ̀ lé wọn, dókítà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mọ ohun tí ọ̀fẹ́ máa ń dà. Ọ̀sẹ̀ kan á wá, ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á pè é fún iṣẹ́ pàjáwìrì. Tó bá sì wá, ìtàn ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló máa ń gba ìdajì àkókò. Ọjọ́ tó wá sọ fún ọmọ mi pé, "Nǹkan tó rọrùn báyìí náà lo ò mọ̀?" ni ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń lé dókítà tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni? Mo parọ́ pé wọ́n ti yí àkókò ilé ẹ̀kọ́ padà, mo sì gbé páálí mọ́ọ̀tì kan lọ kí wọn. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni mo wá lọ bá kẹ́yìn: tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Mo kọ ímeèlì sí i, ó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi hàn mí bí ìdánwò náà ṣe rí. Ìbéèrè 60 ni wọ́n máa ń mú ìdáhùn nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 90. Ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n máa ń kọ ìdáhùn sí, èyí tí àwa ń pè ní tíọ́rì, ìṣẹ́jú 90 náà ni. Ìdajì máàkì lọ síhìn-ín, ìdajì lọ sọ́hùn-ún. Ọmọ mi kò ní ìṣòro púpọ̀ ní apá àkọ́kọ́. Tíọ́rì ló ń pa á.

Tíṣà fi ọ̀kan hàn mí. Gráàfù wà níbẹ̀ nípa ewéko tí wọ́n gbìn sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi. Ìbéèrè ní kó sọ ohun tí gráàfù náà fi hàn, kó wá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yí ohun kan padà, kó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ mi kọ ojú ìwé kan gbáko nípa photosynthesis, bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ. Gbogbo rẹ̀ ló péye. Òdo ni wọ́n fún un. Tíṣà náà wò mí, ó ní, "Ọmọ yín ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í." Mo rántí àwáwí tí mo ní kó yé fi dá mi lóhùn. Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà tí mo gbà ń wá tíṣà ti yí padà. Mi ò béèrè mọ́ pé, "Ṣé ẹ mọ Bàyọ́lọ́jì?" Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo ṣe ẹ̀dà ìdáhùn tí ọmọ mi kọ, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo fi ìbéèrè náà tì í. College Board máa ń gbé àwọn ìbéèrè tíọ́rì àtijọ́ síta pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń máàkì wọn, ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà mo tẹ ọ̀kan nínú wọn jáde pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ọmọ mi, ìwé yìí ni mo ń gbé síwájú rẹ̀: "Ọmọ tó kọ èyí, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe fún un?"

Èèyàn mẹ́rin ni mo rí, látọ̀dọ̀ àwọn ará ibi iṣẹ́, láti ara pátákó ìkéde ní ilé-ìkàwé, àti láti yunifásítì. Ọ̀kan béèrè owó kó tó wo ìwé rárá. Èkejì ní òun máa bẹ̀rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní, kí ìpìlẹ̀ lè dúró. Oṣù Kìn-ín-ní la wà, ìdánwò ku oṣù mẹ́rin! Ẹ̀kẹta yọ bírò pupa, ó fi kọ gbogbo ara ìwé, ó ní ọmọ náà kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe PhD. Ó ka ìwé náà, kò sọ̀rọ̀. Ó tún un kà. Ó wá ní, "Ṣé ọmọ náà wà nítòsí? Mo fẹ́ bi í ní ohun kan." Mo pè é. Ó na ìka sí ìlà kan lórí gráàfù, ó ní, "Kí lo rí níbí? Má sọ ìdí. Ohun tó o rí nìkan." Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé chlorophyll, àwọ̀ ewé tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ó rọra dá a dúró: "Ohun tó o rí nìkan." Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́, ó wo gráàfù náà dáadáa. Ó ní, "Áà!" Mi ò mọ ohun tó yé e, ṣùgbọ́n mo mọ "áà" yẹn.

45 dọ́là ní wákàtí kan. Mo gba orúkọ ìdílé méjì tó ti kọ́ ọmọ wọn, mo sì pè wọ́n. Mo ní kò ní wá sílé wa, àwa náà ò ní lọ sílé rẹ̀. Yàrá onígíláàsì ní ilé-ìkàwé ni wọ́n máa lò, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí mo ti lè rí wọn láti orí àga mi. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó ní bí òun náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n jókòó kí ìdánwò tó dé, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 945 dọ́là. Iléeṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní gba 900. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Yóò kọ ìdáhùn kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn á jọ máàkì rẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń mú bírò. Ó kọ́ ọ pé "describe" kì í ṣe "explain", pé "justify" ń béèrè ẹ̀rí látinú iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, pé nínú ìbéèrè kúkurú tó ní máàkì mẹ́rin, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n dé orí bí omi ṣe ń wọ sẹ́ẹ̀lì tó sì ń jáde, ó ní kó gé kùkúmbà sílé, kó wọ̀n ọ́n, kó bu iyọ̀ sí i, kó tún un wọ̀n. Lọ́jọ́ Àìkú, sáláàdì mi di iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti jíìnì sickle cell. Ó ní kó ṣírò: bí ọmọ kan nínú 100 bá jẹ́ SS, ẹni mélòó ló jẹ́ AS? Lẹ́tà q dúró fún ìwọ̀n jíìnì S, p fún ti A; q² ni SS, 2pq ni AS: q² jẹ́ 0.01, q jẹ́ 0.1, p jẹ́ 0.9, 2pq jẹ́ 0.18. Èèyàn 18 nínú 100. Ó wá bi í pé kí ló dé tí jíìnì tó ń pa ọmọ kò fi parẹ́. Ọmọ mi mọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ lórí, àmọ́ kò lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Ó gbé e wálé fún mi.

A jókòó sí kíṣìnì. Mo sọ fún un pé kí wọ́n tó so èmi àti bàbá rẹ̀ pọ̀, pásítọ̀ béèrè ìwé genotype lọ́wọ́ wa. Mo sọ fún un nípa àbúrò ìyá mi tó sin ọmọ mẹ́ta. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n sàmì sí ẹ̀kẹta lára kó má bàa padà wá. Ọmọ mi dákẹ́ títí. Ó ní, "Mọ́mì, tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, fún oyún kọ̀ọ̀kan. Kì í rántí ti ìṣáájú." Ó wá fúnra rẹ̀ sọ ọ́: ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí AS pa, nítorí náà níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí, AS á dàgbà, á bímọ, jíìnì náà á sì máa bá ọmọ lọ. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ló ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gba gbogbo máàkì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni tíṣà rìnrìn àjò lóṣù Kẹta. Fídíò ọ̀fẹ́ ti College Board àti Khan Academy la fi dí i. Lóṣù Karùn-ún, wọ́n ṣe ìdánwò: èyí tí wọ́n ń mú lórí kọ̀ǹpútà, tíọ́rì lórí ìwé. Ní oṣù Keje, ọmọ ṣí fóònù níbi tí mo ti ń gé ẹ̀fọ́. 4. Ó ní 5 lòun fẹ́. Mo ní kó jókòó jẹun.

Ìyá Ìbejì kan tí mo mọ̀ ti gba nọ́ńbà tíṣà náà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó mú ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ dání kó tó pè é. Ó ní kò tíì rí i, pé ó dà bíi pé ó wà nínú báàgì ọmọ náà.