Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe Ẹ̀rọ Tí Ń Ka Ìsọfúnni Orí Rédíò Sójú Skríìnì

Bí a bá yí rédíò sí 144.800 MHz ní Yúróòpù, tàbí 144.390 MHz ní Àríwá Amẹ́ríkà, a óò máa gbọ́ APRS, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ń gbà fi ìsọfúnni kúkúrú ránṣẹ́: ìró kan tó ń ha bí ìgbà tí ènìyàn ń fa bébà ya, tí kì í sábà pẹ́ kó tó dákẹ́. Inú ìró yẹn ni àmì ìpè ẹni tó ránṣẹ́ (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀ lórí rédíò) wà, pẹ̀lú ibi tó wà àti ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀rọ tí a fẹ́ ṣe yìí; kì í fèsì.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: Arduino Nano (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré), skríìnì OLED kékeré tó ní SSD1306 (ṣíìpù tó ń darí skríìnì náà), rẹ̀sístọ̀ 10 kΩ méjì àti kápásítọ̀ 100 nF kan. Kí a so rẹ̀sístọ̀ kan láti 5 V sí A0 (ojú tí Arduino fi ń ka ìwọ̀n iná), kí a so èkejì láti A0 sí GND (ojú òdo iná), kí A0 lè dúró sórí 2.5 V. Kápásítọ̀ ni ohùn rédíò yóò gbà dé A0, GND rédíò yóò sì pàdé ti Arduino. SDA skríìnì (wáyà ìsọfúnni) ń lọ sí A4, SCL (wáyà aago) sí A5.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ ni bí ohùn ṣe ga tó. Nígbà tí rédíò bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, nọ́ńbà tí A0 ń kà gbọ́dọ̀ wà nítòsí 512. Bí ìró bá dé, kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ láàárín nǹkan bí 300 sí 700. Bí ó bá ń kan 0 tàbí 1023, orí ìró ti gé nìyẹn, kí a dín ohùn kù. Kí a ṣí squelch (ohun tó ń pa ohùn rédíò mọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń ránṣẹ́) sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé bí ó bá ń pẹ́ kó tó ṣí, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán ni yóò gbé mì.

Bíìtì (0 tàbí 1) 1200 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lórí ìró 1200 Hz àti 2200 Hz. Bí a bá ń wo A0 ní ìgbà 9600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì kọ̀ọ̀kan yóò ní ìwò mẹ́jọ. Àṣẹ analogRead lásán, tó ń ka A0, kò yára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí a yí prescaler ADC (nọ́ńbà tó ń dín ìyára apá tó ń ka A0 kù) láti 128 sí 32, kí a sì fi tímà darí rẹ̀. Ìró kọ́ ni bíìtì fúnra rẹ̀ o: bí ìró bá yí padà, 0 ni, bí kò bá yí, 1 ni. 01111110 ni ààlà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rán. Láàárín ààlà méjì, 0 tó bá tẹ̀ lé 1 márùn-ún, kí a yọ ọ́ dànù.

Báìtì (bíìtì mẹ́jọ) méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti àyẹ̀wò CRC, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iṣẹ́ tí wọ́n rán dé láìní àṣìṣe. Iṣẹ́ tí kò bá yege níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ojú skríìnì, ìbáà ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì, nítorí àmì ìpè tó ṣì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn lẹ́tà àmì ìpè ni a ti tì sápá òsì ní bíìtì kan: A, tó jẹ́ 65, yóò dé gẹ́gẹ́ bí 130, nítorí náà kí a pín in sí méjì.

Báìtì 2048 péré ni ìrántí Nano, láìbrarì (kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) àwòrán OLED sì lè gba 1024 nínú rẹ̀. Èyí tó ń kọ lẹ́tà nìkan ló dára jù. Ìlà mẹ́jọ tó gba lẹ́tà 21 ni a óò ní: kí àmì ìpè gba ìlà àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ gba ìyókù, kí a má sì pa á rẹ́ títí òmíràn tó yege yóò fi dé.